Bí ẹ ṣe lè ṣe lógò fún ẹgbẹ́ yín: ìtọ́sọ́nà fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò àti àjọ aláàánú ní Ilé-Ifẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ń bi mí ṣáá: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni lógò?" Ẹgbẹ́ onílé ń bèèrè rẹ̀, ẹgbẹ́ opó ń bèèrè rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáwó jọ láti ra ìwé fún ọmọ ilé-ìwé náà ń bèèrè rẹ̀. Iye owó kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ibi tí lógò náà á ti ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ṣáájú. Lógò ẹgbẹ́ àdúgbò kì í gbé inú kọ̀ǹpútà. Orí òǹtẹ̀ onírọ́bà ló ń gbé, orí rìsíìtì tí wọ́n ti fọ́tókọ́pì, orí fìlà tí wọ́n rán, orí báńnà tí oòrùn Lágéré ti bó láwọ̀. Èyí tó bá la gbogbo ìyẹn já tí a ṣì dá a mọ̀ ni mo ń pè ní lógò tó dáa.

Akọ̀wé, alága, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ayàwòrán ń lò, lò. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ máa bèèrè àti ohun tí ẹ máa kọ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó pe ayàwòrán

- Orúkọ ẹgbẹ́ gan-an bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀.
- Orúkọ kan náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, tí ẹni tó mọ Yorùbá kọ dáadáa ti yẹ̀ wò.
- Orúkọ ènìyàn mẹ́ta, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn yóò sọ pé "ó ti tó".
- Ẹni kan tí yóò máa tọ́jú fáìlì.
- Owó òǹtẹ̀ kan àti báńnà kan, yàtọ̀ sí owó ayàwòrán.

Ọ̀rọ̀ CAC yẹn kì í ṣe eré. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti 2020, òfin tó de ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ni báńkì mọ̀, òun náà sì ni ẹni tó fẹ́ fún yín lówó yóò fi wá yín. Bí ẹ bá ń jẹ́ orúkọ gígùn níbẹ̀, tí ẹ wá ń jẹ́ ìnagijẹ lórí lógò, ẹ fi orúkọ gígùn náà sórí òǹtẹ̀ àti ìwé lẹ́tà, kí ẹ fi ìnagijẹ sórí fìlà àti báńnà. Ẹ má ṣe dà á rú. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC kò sì dáàbò bo lógò o. Orúkọ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ààbò òfin lórí àwòrán fúnra rẹ̀ yóò lọ sí ọ́fíìsì Trademarks, Abuja ni ìyẹn wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ gbogbo ibi tí lógò náà máa wà sílẹ̀

1. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹgbẹ́ ń lò ní ọdún kan: òǹtẹ̀, rìsíìtì, ìwé lẹ́tà, káàdì ọmọ ẹgbẹ́, báńnà, fìlà, aṣọ ẹgbẹ́, àwòrán ojú WhatsApp, síǹbọ́ọ̀dù ojú ọ̀nà, bébà tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀bùn.
2. Ẹ fi àmì sí mẹ́ta tí ẹ ń lò jù.
3. Nínú mẹ́ta yẹn, ẹ wá èyí tó kéré jù àti èyí tó le jù láti ṣe. Òun ni ẹ máa fi dán lógò wò.

Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, òǹtẹ̀ ló kéré jù, fìlà ló sì le jù. Òǹtẹ̀ kì í sábà ju bí ìdérí ìgò lọ, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì ní. Ẹ̀rọ tó ń rán lógò sára fìlà, èyí tí àwọn aránṣọ ń pè ní mónógíráàmù, kò lè rán lẹ́tà tí kò ga tó mílímítà 5 kó mọ́. Okùn á di mọ́ra, "e" á dà bí "o". Bí ẹ bá ti mọ èyí ṣáájú, ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń bọ̀ níwájú ti parí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú ènìyàn mẹ́ta, kí ìpàdé gbogboogbò sinmi

Bí ẹ bá gbé lógò lọ sí ìpàdé ogójì ènìyàn, ẹ ti mọ bó ṣe máa rí. Bàbá Alága á ní kí wọ́n fi adé sí i. Ìyálóde á ní kí ọwọ́ méjì máa bọ ara wọn. Akápò á ní kí máàpù Nàìjíríà wà lẹ́yìn, ẹnì kan láti ẹ̀yìn á sì ní kò gbọdọ̀ ṣaláì ní ìwé, torí ẹ̀kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ayàwòrán tó fẹ́ gba owó rẹ̀ á fi gbogbo rẹ̀ sí i. Ohun tí yóò jáde á dà bí ẹrù ọjà tí wọ́n dà sílẹ̀ ní Sábó.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ nìyí:

1. Ní ìpàdé gbogboogbò, ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi àwọn ènìyàn: "Kí ni ẹ fẹ́ kí àlejò mọ̀ nípa wa bó bá rí lógò wa?" Ẹ kọ èsì wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwòrán.
2. Àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn á mú èsì yẹn lọ bá ayàwòrán.
3. Ayàwòrán á mú èrò méjì tàbí mẹ́ta wá, dúdú lórí funfun, láìsí àwọ̀.
4. Àwọn mẹ́ta náà á yan ọ̀kan. Èyí tí wọ́n yàn nìkan ni wọ́n á gbé padà wá sí ìpàdé, wọn á sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn àgbà ṣáájú pé bí ètò ṣe rí nìyí. Àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí nílé kì í dìde bú ayàwòrán ní ìpàdé.

Ìgbésẹ̀ 3: Yíyan àwòrán

Ilé-Ifẹ̀ ni a wà, ohun àmúyangàn pọ̀ lọ́wọ́ wa, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ lo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Bí ẹ bá rìn láti Mayfair dé Ẹnuwá, ẹ ka iye síǹbọ́ọ̀dù tí ẹ bá rí i lára wọn. Yàtọ̀ sí pé ó ti pọ̀ jù, kò rọrùn láti lò: òkúta gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ẹ bá fi sínú lógò róbótó, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á ṣófo, àwọn ìṣó irin ara rẹ̀ á sì di ìdọ̀tí bó bá ti kéré sí ìka ọwọ́. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lò ó, kó ya òjìji rẹ̀ nìkan, kó yọ ìṣó kúrò.

Orí idẹ Ifẹ̀, irú èyí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilà tín-tìn-tín tó wà lójú púpọ̀ nínú wọn ni ẹwà wọn. Ẹ dín in kù sí sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà rìsíìtì: yíǹkì á kún àárín ilà, ojú á di dúdú ṣúú. Fọ́tò tí ẹ bá sì gbé látorí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe lógò, ẹni tó ya fọ́tò náà ló ni ín.

Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ wo ohun tí ẹgbẹ́ yín ń ṣe, kì í ṣe ìlú tí ẹ wà. Ìlú ti wà nínú orúkọ yín tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ aró lè lo ọnà àdìrẹ kan. Ẹgbẹ́ tó ń gbẹ́ kànga lè lo korobá àti okùn. Ohun kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá di méjì, ẹ yọ ọ̀kan.

*Àwọn àwòrán tí ẹ kò gbọ̀dọ̀ fọwọ́ kàn*

- Àgbélébùú pupa lórí funfun. Ẹgbẹ́ ìlera àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àdéhùn Geneva ti 1949 ló dáàbò bò ó, ti àjọ Red Cross àti ti ìṣègùn ológun ni, kì í ṣe àmì oògùn fún gbogbo ènìyàn. Òṣùpá pupa náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lo àgbélébùú funfun lórí àwọ̀ ewé, tàbí ewé, tàbí ọkàn.
- Àmì ìjọba àpapọ̀, ẹyẹ idì àti ẹṣin méjì. Ẹ kò lè lò ó láìgbàṣẹ, kódà bí alága yín bá ti ṣe ìjọba rí.
- Ìgbálẹ̀ àti agboòrùn. Ẹgbẹ́ ìmọ́tótó ló máa ń já sínú èyí. Wọ́n á fi ìgbálẹ̀ ṣe lógò láìro nǹkan kan, àwọn ará àdúgbò á ní APC ló rán wọn wá. Agboòrùn, PDP. Ẹ mú ṣọ́bìrì tàbí apẹ̀rẹ̀.
- Adé onílẹ̀kẹ̀ tàbí àwòrán ààfin, àfi bí ẹ bá ti lọ sọ fún ààfin tí wọ́n sì fún yín láyè. Ẹ gba ìyọ̀ǹda náà ní ìwé.

Ìgbésẹ̀ 4: Orúkọ yín, lẹ́tà yín, àmì orí àti ìsàlẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn kì í wò. Bí lógò bá lẹ́wà tí orúkọ sì jáde bí "Ẹgb□ ỌmỌ", ta ni yóò gbà pé ẹgbẹ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn. Á àti à náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń gbé lé ẹ tàbí ọ lórí. Fọ́ọ̀ntì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí ẹ yàn, tí wọn kò bá kọ́ ní ibi tó yẹ kó gbé e sí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́, tàbí sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó yá a lọ́wọ́ fọ́ọ̀ntì mìíràn tí kò bá a mu. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ntì olówó iyebíye tó wà ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ dán fọ́ọ̀ntì wò báyìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun:

1. Ẹ tẹ ìlà yìí sínú fọ́ọ̀ntì náà: Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ ǹ ń
2. Ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín ní lẹ́tà ńlá, lẹ́yìn náà ní lẹ́tà kékeré.
3. Ẹ fi ojú sí i dáadáa: ṣé àmì ìsàlẹ̀ wà láàárín ìdí lẹ́tà? Ṣé àmì orí wà lókè rẹ̀ tààrà, ṣé ó sì nípọn bí lẹ́tà yòókù?
4. Bí orúkọ bá gba ìlà méjì, ẹ wò bóyá àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè ń gbá àmì orí ìlà ìsàlẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ààyè kún àárín ìlà.
5. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ, kí ẹ rí i bó ṣe ń jẹ àmì ìsàlẹ̀ run. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìlà yẹn kúrò pátápátá. Orúkọ Yorùbá kò bá ìlà abẹ́ rẹ́.

Fọ́ọ̀ntì ọ̀fẹ́ tí mo mọ̀ pé ó gbé gbogbo àmì wa: Noto Sans àti Noto Serif lọ́dọ̀ Google, Charis, Gentium àti Andika lọ́dọ̀ SIL. Andika, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n ṣe é fún, ó dára fún ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Wọn kò gbọ́ fáàrí, mo gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ṣe é kà sàn ju lẹ́tà tó ń jó.

Bí ayàwòrán bá ní fọ́ọ̀ntì kan tó wù yín tí kò ní àmì, ó lè sọ lẹ́tà di àwòrán tán, kó wá fọwọ́ ya àmì sí i. Kò burú, bí ó bá ya àmì ìsàlẹ̀ bákan náà nínú gbogbo lẹ́tà, tí ó sì tóbi tó bí orí "i". Kí ó má fi ààmì ìdánudúró ṣe é. Àmì yẹn á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣí fáìlì náà.

*Ìkìlọ̀ lórí bí ẹ ṣe ń fi orúkọ ránṣẹ́*

Ẹ má fi ohùn WhatsApp ránṣẹ́ orúkọ. Ẹ má kọ ọ́ sórí bébà fún ọmọ tó ń tẹ̀wé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín kí ẹ fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀, kí òun ṣáà dà á kọ láìtún un tẹ̀. Gboard tó wà lórí fóònù Android ní bọ́tìnnì Yorùbá. Ẹ lọ sí ibi èdè nínú ètò rẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún un. Ṣáájú kí ẹ tó san owó, kí ẹni méjì ka orúkọ náà sókè láti ara ohun tí wọ́n tẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti ara ohun tí wọ́n ti mọ̀ sórí.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ńkọ́? Bí "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ni ẹ fẹ́ lò, ẹ̀yin kọ́ ni àkọ́kọ́, ẹ kò sì ní jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi sínú lógò. Lórí òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á.

Ìgbésẹ̀ 5: Àwọ̀

Méjì tó, pẹ̀lú dúdú. Ẹ má sọ "búlúù" lásán fún ayàwòrán. Búlúù aró yàtọ̀ sí búlúù ojú ọ̀run, èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà sì yàtọ̀ sí èyí tó máa jáde lórí flex, ike tí wọ́n ń tẹ báńnà sí. Ẹ gba nọ́ńbà méjì fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: HEX fún fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì, CMYK fún ìwé títẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú fóònù, pàápàá àwọ̀ ewé àti ọsàn, máa ń ṣú bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bá atẹ̀wé jà, bí yíǹkì ṣe rí nìyẹn.

Ẹ tún rántí ojú tí àwọn ará ilé fi ń wo àwọ̀. Funfun nìkan, wọ́n á ronú Ọbàtálá. Pupa àti dúdú pa pọ̀, àwọn kan á dárúkọ Èṣù kí wọ́n tó ka orúkọ yín. Kò ní kí ẹ má lò ó, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ fìyà jẹ lógò náà kí ẹ tó gbà á

1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà méjì, dúdú nìkan. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́?
2. Ẹ fọ́tókọ́pì rẹ̀. Ẹ fọ́tókọ́pì ẹ̀dà yẹn. Ẹ tún fọ́tókọ́pì ẹ̀dà ẹ̀dà.
3. Ẹ fi sí ojú WhatsApp. Róbótó ni WhatsApp ń gé àwòrán. Bí orúkọ bá wà ní igun, ó ti lọ.
4. Ẹ gbé e sórí àwọ̀ dúdú, kí ẹ rí i bóyá ẹ̀dà funfun rẹ̀ wà.
5. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ rìn jìnnà tó ìwọ̀n títì kan.
6. Ẹ fi han ọmọ kékeré kan fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ mú un kúrò, kí ẹ ní kó yà á. Ohun tó bá yà ni lógò yín. Ìyókù kò kan ẹnikẹ́ni.

Èyí tó bá kùnà ní 1 tàbí 2, ẹ dá a padà. Ìyókù ṣe é tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ gba fáìlì yín

Mo ti rí ẹgbẹ́ tó san owó lógò lẹ́ẹ̀mejì torí fọ́tò WhatsApp kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wọn nígbà tí akọ̀wé yí fóònù padà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, fáìlì yìí máa fọ́ o."
"Ẹ ṣáà bá wa tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀la ni ètò."

Ọ̀la pé, lógò tó wà lórí báńnà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ti di onígun mẹ́rin keekèèké, ojú alága náà sì korò.

Ohun tó fà á ni pé JPG àti PNG jẹ́ àwòrán tí wọ́n fi èérún àwọ̀ kó jọ. Bí ẹ bá fẹ̀ wọ́n, èérún ni ẹ ń fẹ̀. Vector yàtọ̀: ìlà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ni, ẹ lè fẹ̀ ẹ́ dé ara ilé alájà mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ gba gbogbo èyí kí ẹ tó san owó tó kù:

- Fáìlì vector gan-an: CDR tí ó bá jẹ́ CorelDRAW, AI tí ó bá jẹ́ Illustrator, ètò ìyàwòrán míì, pẹ̀lú SVG tí ọ̀pọ̀ ètò lè ṣí.
- PDF tí lẹ́tà inú rẹ̀ ti di àwòrán. Ní CorelDRAW, Ctrl+Q ni. Ní Illustrator, Ctrl+Shift+O. Bí kò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù kejì tí kò ní fọ́ọ̀ntì yín á fi tirẹ̀ rọ́pò.
- PNG tí kò ní àwọ̀ lẹ́yìn, kó fẹ̀ tó 2000 px (èérún àwọ̀ 2000) ó kéré tán.
- Ẹ̀dà dúdú nìkan àti ẹ̀dà funfun nìkan.
- Orúkọ fọ́ọ̀ntì àti nọ́ńbà àwọ̀.

Ẹ ṣe òṣómàáló bí ará Iléṣà lórí èyí: ẹ lóṣòó síbẹ̀ títí fáìlì fi wọlé. Kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà míì kí ẹ tó dìde. Àwọn ayàwòrán kan máa ń gbé JPG sínú PDF kí wọ́n pè é ní vector. Ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 800% lójú kọ̀ǹpútà. Bí etí lẹ́tà bá ń já, kì í ṣe vector.

*Ta ni ó ni ín?* Lábẹ́ òfin Copyright Act ti 2022, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, bí ẹ tilẹ̀ ti sanwó, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ó di ti ẹgbẹ́. Ìwé ojú kan tó. Kí ayàwòrán àti alága fọwọ́ sí i.

*Ibi tí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí.* Ẹ ṣí ímeèlì fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti akọ̀wé, kí ẹ fi fáìlì sínú Google Drive rẹ̀. Kí akápò ní ẹ̀dà lórí fláàṣì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi "document", ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò; WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìwé òfin ojú kan

Ẹ má ṣe ìwé ogún ojú. Ẹ kọ èyí nìkan sórí A4 kan: lógò náà, ẹ̀dà àwọ̀ kan rẹ̀, nọ́ńbà àwọ̀, orúkọ fọ́ọ̀ntì, bí ó ṣe lè kéré tó, ààyè tó gbọ́dọ̀ wà yí i ká, àti àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe: a kò gbọ́dọ̀ nà án, a kò gbọ́dọ̀ yí àwọ̀ rẹ̀ padà torí aṣọ ọdún, a kò gbọ́dọ̀ fi fọ́tò olóyè tàbí olóṣèlú lé e lórí. Ẹ fi ẹ̀dà kan fún gbogbo ẹni tó ń tẹ nǹkan fún yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé: ohun tí ẹ máa sọ

- Fún báńnà, ẹ sọ ìwọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ sì sọ èyí tó jẹ́ ìbú àti èyí tó jẹ́ gíga. "Mẹ́ta ní mẹ́fà" lásán ti dá ìjà sílẹ̀.
- Fún ìwé ìléwọ́ àti káàdì, àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 dpi (èérún àwọ̀ 300 nínú íńṣì kan), kí ó sì kọjá etí bébà ní mílímítà 3 kí wọ́n lè gé e.
- Fún báńnà ńlá, 100 sí 150 dpi tó. Bí ẹ bá fi 300 ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà wọn á kàn máa yí.
- Ẹ wo ẹ̀dà lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ka ọjọ́, ẹ ka orúkọ, ẹ ka nọ́ńbà fóònù.
- Ẹ má fi gbogbo orúkọ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sórí báńnà. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi sí i, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Bí owó kò bá tó

Èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ má ṣe àwòrán rárá. Ẹ kọ orúkọ yín dáadáa ní Noto Serif, àwọ̀ kan, kí ẹ máa lò ó bákan náà níbi gbogbo. Ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta á ní ojú tí a mọ̀ ju ẹgbẹ́ tó ń yí lógò padà ní gbogbo ìdìbò.

Ẹ̀ka Fine and Applied Arts wà ní OAU, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́. Ẹ san nǹkan fún wọn. "A ó máa gbàdúrà fún ọ" kì í ra dátà.

Canva ọ̀fẹ́, ètò ìyàwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣe ìwé ìléwọ́ àti àwòrán WhatsApp dáadáa, ètò wọn fún àjọ aláàánú sì ń fún àjọ tó ti forúkọ sílẹ̀ láǹfààní sí i. Ẹ kàn má fi àwòrán inú rẹ̀ ṣe lógò, torí ẹgbẹ́ míì lè mú àwòrán kan náà lọ́la, ẹ kò sì ní lè sọ pé tiyín ni. Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, náà jẹ́ ọ̀fẹ́, vector gidi ló sì ń ṣe. Lógò tí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ AI yà, ẹ wo lẹ́tà Yorùbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: ó máa ń fi àmì síbi tó wù ú, PNG ló sì sábà máa ń fún yín.

Fún síǹbọ́ọ̀dù tó máa wà lójú ọ̀nà, ẹ wá àwọn tó ń fọwọ́ kọ ọ́ lórí páànù. Ọ̀dà máa ń pẹ́ nínú oòrùn ju flex lọ, ẹni tó ń fọwọ́ kọ ọ́ sì lè ya àmì orí àti ìsàlẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ fọ́ọ̀ntì kankan.

Bí ẹ bá ti ní lógò àtijọ́

Ẹ má da gbogbo nǹkan nù lọ́jọ́ kan. Ẹ lo rìsíìtì àti ìwé lẹ́tà tó wà nílẹ̀ tán. Fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ àtijọ́, kí ẹni tó ní i máa wọ̀ ọ́. Òǹtẹ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ wà ní méjì: ẹ kọ̀wé sí báńkì pé òǹtẹ̀ ti yí padà, ẹ tẹ tuntun sórí ìwé náà kí wọ́n rí i, kí ẹ wá fi abẹ gé rọ́bà àtijọ́ níwájú ìpàdé. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.